Bí Ẹ Ó Ṣe Kó Àwọn Obìnrin Láìnì Yín Dé Ibi Àpótí Ìbò

Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Èmi náà ni akọ̀wé láìnì wa: ìwé orúkọ wà lọ́wọ́ mi, ìwé àjọ wà lọ́wọ́ mi. Láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ìwé kẹta ti kún wọn, òun ni ìwé káàdì ìdìbò. Obìnrin mẹ́tàdínlógójì ló ní ìsọ̀ ní láìnì wa. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ń béèrè káàdì lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, mọ́kànlá péré ló mú èyí tó ṣeé dìbò jáde. Nígbà ìdìbò ọdún 2023, àwa mọ́kànlélọ́gbọ̀n la tẹ̀ka. Àwọn ìyá láti ọjà mìíràn ti ń wá béèrè bí a ṣe ṣe é. Mi ò lè máa rò ó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọjà ò ní tà. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀, bí mo ṣe máa sọ ọ́ ká ní ẹ jókòó sórí àpótí níwájú ìsọ̀ mi.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ òṣèlú sílẹ̀ ná, ẹ wá ìwé

Ohun tí mo sábà máa ń rí ni pé wọ́n á kó àwọn obìnrin jọ, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ẹni tó yẹ kó wọlé, ariwo á ta, ẹgbẹ́ á pín sí méjì, oníkálukú á gba ilé lọ láìsí ẹni tó béèrè bóyá wọ́n ní káàdì lọ́wọ́. Ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Láyé àwọn ìyá wa náà, ìwé ni wọ́n fi ń ti obìnrin mọ́ ìta.

Aláró ni ìyá ìyá mi. Wọ́n wà lára àwọn tó sùn síta ààfin Aké ní ìparí oṣù Kọkànlá ọdún 1947, ìyá mi wà lẹ́yìn wọn, wọ́n fi ìborùn bò wọ́n nítorí ọyẹ́. Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà lé ní 10,000. Owó orí ni ọ̀rọ̀ náà. Ọmọbìnrin tó bá ti pé ọdún 15 ti di ẹni tí ń san owó orí, ọmọkùnrin di ìgbà tó bá pé 16. Àkódà á wọ ilé, wọ́n á ní ọmọ yìí ti tó san, ìyá ọmọ á ní kò tíì tó, àkódà á sì fẹ́ tú aṣọ lára ọmọ kí wọ́n fi ojú ara wọn wò ó. Ìyá ìyá mi kì í lè sọ ibẹ̀ tán. Nínú ìgbìmọ̀ tó ń pinnu ohun tí wọ́n ń fi owó náà ṣe, kò sí obìnrin kankan.

Gbogbo èèyàn ló mọ̀ nípa orin tí wọ́n kọ lẹ́nu ọ̀nà ààfin. Ohun tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà ààfin ni mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá tó mọ̀wé ni Funmilayo Ransome-Kuti, ẹni tí wọ́n ń pè ní Béèrè, kọ́kọ́ wà nínú rẹ̀ láti ọdún 1932. Ní 1944 ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan mú ìyá ọjà kan wá bá a, ìyá náà ní òun fẹ́ mọ ìwé kà. Ibẹ̀ ni kíláàsì ti bẹ̀rẹ̀. Bí àwọn ìyá ọjà ṣe ń kọ́ a-b-d, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ ohun tó ń ṣe wọ́n: ìrẹsì tí wọ́n ń fi agbára gbà lọ́wọ́ wọn, owó orí tó wúwo lọ́rùn wọn. Ní 1946 ẹgbẹ́ náà di Abeokuta Women's Union, tolówó tálákà ló sì wà nínú rẹ̀. Béèrè pa aṣọ òyìnbó tì, ó ń ró ìró, Yorùbá ló sì ń sọ ní ìpàdé. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀hónú. Wọ́n háyà oníṣirò owó láti yẹ ìwé ìnáwó ìjọba ìbílẹ̀ wò. Nígbà tí ìjọba kò fún wọn láṣẹ láti wọ́de, wọ́n ní pikiníìkì làwọn ń lọ, wọ́n sì lọ. Ní oṣù Keje ọdún 1948 Aláké Adémọ́lá Kejì fi Abẹ́òkúta sílẹ̀ lọ sí Òṣogbo, wọ́n dá owó orí àwọn obìnrin dúró, obìnrin mẹ́rin sì wọ inú ìgbìmọ̀ tuntun.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà mọ́ wọn lọ́wọ́. Nígbà tí òyìnbó kọ́kọ́ fàyè gba ìdìbò sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ní 1922, ọkùnrin tó ń pa £100 lọ́dún ní Èkó àti Kàlàbá nìkan ló wà fún. Àwọn obìnrin Èkó dìbò sí ìgbìmọ̀ ìlú wọn ní 1950. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìdìbò ọdún 1954 dé ní apá Ìwọ̀-Oòrùn tiwa níbí, ẹni tó bá san owó orí nìkan ni wọ́n gbà láyè. Owó orí tí àwọn ìyá wa sùn síta nítorí rẹ̀, òun náà ló tún di ohun tí wọ́n fi tì wọ́n sẹ́yìn níbi ìbò. Ìyá ìyá mi dé ibẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n mú rìsíìtì wá, wọn ò ní rìsíìtì, wọ́n padà sídìí ìkòkò aró wọn. Béèrè àti àwọn obìnrin tó pé jọ láti gbogbo Nàìjíríà ní Abẹ́òkúta ní 1953 ti ń pariwo rẹ̀ tẹ́lẹ̀, pé kí gbogbo àgbàlagbà máa dìbò láìbéèrè owó orí. Ọdún 1959 ni gbogbo obìnrin Gúúsù tó dìbò yan ilé ìgbìmọ̀ àpapọ̀. Àwọn obìnrin Àríwá, tí Gambo Sawaba fi ọ̀pọ̀ ọdún jà fún, tó sì tìtorí ẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n, kò rí tiwọn gbà títí di 1976. Ìyá tí ń ta tòmátì ní Kánò tó ti pé ọdún 70 báyìí, ó ti dàgbà kí òfin tó gbà pé òun náà lè dìbò.

Rìsíìtì ló ti ìyá ìyá mi sẹ́yìn. Ní láìnì wa lónìí, káàdì ni. Ibi tí iṣẹ́ wa ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ìrìn àkọ́kọ́ tí mo bàjẹ́

Ní 2018, mo kó obìnrin mẹ́rìnlá sínú bọ́ọ̀sì kan lọ sí ibi ìforúkọsílẹ̀. Ọjọ́ ọjà ni. Mi ò béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, mo rò pé kéèyàn ṣáà dé ibẹ̀ ni. Agogo méje àárọ̀ la dé, oòrùn pa wá, nígbà tó máa fi di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, èèyàn mẹ́ta péré ló rí i ṣe. Ẹnì kan kò ní ìwé kankan tó fi ọjọ́ orí rẹ̀ hàn. Orúkọ ẹlòmíràn lára ìwé rẹ̀ kò bá ti ẹnu rẹ̀ mu. Àwọn méjì ti forúkọ sílẹ̀ rí ní abúlé, wọn ò sì mọ̀ pé èèyàn kì í forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá kan tí oníbàárà wọn wá láti Ìbàdàn lọ́jọ́ náà tí kò bá wọn, wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n jàre. Ohun gbogbo tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí, inú ọjọ́ náà ló ti jáde.

Ìwé orúkọ

Ẹ ra ìwé olójú ewé púpọ̀, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ le. Ojú ewé kan fún ẹnì kan. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ bó ṣe wà lára ìwé NIN rẹ̀, kì í ṣe bí ẹ ṣe ń pè é. Ní láìnì wa, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Sikirù, Sikiratu ló wà lára ìwé NIN wọn, Sekirat ló wà lára ìwé báńkì, Shakirat ni ọmọ wọn kọ sórí fóònù. Tí ẹ bá kọ́kọ́ yanjú èyí nílé, ẹ ò ní jà níbẹ̀. Lẹ́yìn orúkọ, ẹ kọ ọjọ́ ìbí, àdúgbò tó ń gbé, bóyá ó ní káàdì, àti ibi tí káàdì náà ní kó ti dìbò. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù ọmọ rẹ̀ tàbí ẹnì kan nílé tó mọ̀wé kà.

Ohun méjì kan wà tí ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe. Ẹ má gba káàdì ẹnikẹ́ni pamọ́, kódà kí ó ní òun fọkàn tán yín. Ẹ má sì kọ nọ́ńbà tó wà lára káàdì sínú ìwé. Àwọn tí ń ra ìbò máa ń wá irú ìwé bẹ́ẹ̀ kiri, ó sì lòdì sófin kí káàdì ẹlòmíràn wà lọ́wọ́ èèyàn. Bí wọ́n bá jí ìwé mi lónìí, orúkọ àti àdúgbò nìkan ni wọ́n máa bá níbẹ̀.

Ọjọ́ orí àwọn àgbà ló máa ń gba àsìkò jù. Ẹ má bi wọ́n pé, "Ọdún wo ni wọ́n bí yín?" Ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń ṣe lọ́dún òmìnira. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti lọ́kọ nígbà tí mọ́tò kúrò lápá òsì bọ́ sápá ọ̀tún, ìyẹn ní 1972, tàbí nígbà tí owó pọ́n-ùn di náírà ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ìyá kan sọ fún mi pé ọdún tí Aláké lọ Òṣogbo ni wọ́n bí àwọn, òun ló jẹ́ kí wọ́n máa pe àwọn ní orúkọ kan báyìí. Ó yé mi lójú ẹsẹ̀, mo kọ 1948. Lẹ́yìn náà, ẹ mú wọn lọ sí kóòtù kí wọ́n búra fún ọjọ́ orí, kí wọ́n fún wọn ní ìwé. Ẹni tó bá ti ní ìwé ìbí, NIN, páṣípọ́ọ̀tù tàbí láísẹ́nsì ọkọ̀ kò nílò wàhálà yìí.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n forúkọ sílẹ̀ nítòsí ilé, kì í ṣe nítòsí ìsọ̀

Mo yà á sọ́tọ̀ nítorí pé òun ló ń pa ìbò obìnrin ọjà jù. Ọjà la máa ń wà láti àárọ̀ dalẹ́, nítorí náà ó máa ń rọrùn láti ní kí wọ́n kọ wá sí ibi ìdìbò tó wà lẹ́bàá ọjà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìdìbò, ọjà á tì, ọkọ̀ ò sì ní rìn. Ọbańtokò ni obìnrin kan ní láìnì wa ń gbé, ibi ìdìbò rẹ̀ sì wà nítòsí Ìtòkú. Ní 2019 ó fẹsẹ̀ rin ín, òun àti oyún oṣù méje, ó dìbò, ó sì tún fẹsẹ̀ rìn padà. Àwọn márùn-ún mìíràn tí ọ̀rọ̀ tiwọn rí bẹ́ẹ̀, ilé ni wọ́n jókòó sí.

Ẹni tó ti lọ́kọ lọ sí àdúgbò mìíràn, tàbí tó kó kúrò ní abúlé, kò ní forúkọ sílẹ̀ tuntun. Ẹ ní kó lọ bá INEC kí wọ́n gbé orúkọ rẹ̀ wá sí àdúgbò tó wà báyìí. Wọ́n máa ń ṣe é lákòókò kan náà tí ìforúkọsílẹ̀ bá ṣí sílẹ̀, wọ́n sì máa ń ti ìforúkọsílẹ̀ ní oṣù mélòó kan ṣáájú ìdìbò. Ẹni tó bá ní òun ń dúró de ìgbà tí ìdìbò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ó ti pàdánù.

Mẹ́rin-mẹ́rin la máa ń lọ báyìí, ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Àwọn tó bá jókòó á bá àwọn tó lọ ta ọjà wọn, wọ́n á sì kọ ohun tí wọ́n tà sílẹ̀. Owó ọkọ̀ ń jáde láti inú àpò ẹgbẹ́, igba náírà lọ́sẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. A kì í wọ ọkọ̀ olóṣèlú. Nígbà kan, níbì kan tí a lọ, ẹnì kan ní kí a mú owó wá kí iṣẹ́ lè yá. A sọ fún un pé ọ̀fẹ́ ni, a jókòó, a ò dìde. Nígbà tó rí i pé oúnjẹ ọ̀sán wa wà lọ́wọ́, ó pè wá.

Ìka aláró

Ìyá tí wọ́n bí ní 1948 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, aláró ni wọ́n di òní. Sódà àti omi eérú ti họ ìka wọn, ó dán bí abẹ́ ìgò. Nígbà tí wọ́n tẹ ìka sórí ẹ̀rọ níbi ìdìbò, ẹ̀rọ kò rí nǹkan kan kà. Wọ́n tẹ àtàǹpàkò, wọ́n tẹ ìka ìlábẹ̀, kò ṣiṣẹ́. Wọ́n bojú wẹ̀yìn wò mí, mo rí i lójú wọn pé wọ́n ti fẹ́ máa lọ. Mo ní, "Ìyá, ẹ má lọ. Ẹ ní kí wọ́n fi ojú yín wò." Wọ́n tú gèlè tó bo iwájú orí wọn, òṣìṣẹ́ gbé ẹ̀rọ sókè sí ojú wọn, ó dún, ó gbà wọ́n wọlé.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́, aláró, alágbàfọ̀, ẹni tí ń fọ́ òkúta, ẹni tí ń yan gàrí, ẹ sọ fún un ṣáájú ọjọ́ náà pé bí ẹ̀rọ kò bá mọ ìka rẹ̀, ojú rẹ̀ ṣì wà, kò sì gbọdọ̀ kúrò níwájú òṣìṣẹ́ kí wọ́n tó fi ojú náà wò ó. Ní láìnì wa, bí ìdìbò bá ku oṣù kan, a máa ń fi òrí pa ọwọ́ lálálẹ́, a sì máa ń wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tì aró. Lọ́jọ́ náà, gèlè fẹ́ẹ́rẹ́ ni kí wọ́n wé, èyí tí kò bo iwájú orí.

Ẹ kọ́ wọn bí a ṣe ń tẹ̀ka

Àwọn tó mọ̀wé rò pé kò sí nǹkan kíkọ́ níbẹ̀. Irọ́ ni. Ìwé ìdìbò gùn, àmì ẹgbẹ́ òṣèlú pọ̀ lórí rẹ̀, wọ́n kéré, wọ́n sún mọ́ra, ẹni tí kò ríran dáadáa lè tẹ̀ka sí ojú ìlà tó wà láàárín ẹgbẹ́ méjì. Ìbò náà bàjẹ́ nìyẹn, ẹni tó dì í kò sì ní mọ̀ láéláé.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Mo ya ìwé tó gùn, mo pín in sí àlàfo-àlàfo. Mi ò ya àmì ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Mo ya igbá, ìkòkò, abẹ́rẹ́, ṣíbí, agboòrùn, ìyẹ́ adìyẹ, ohun tí gbogbo wa ń lò. Mo bu aró díẹ̀ sínú ọmọrí ike, mo fi àjákù aṣọ sínú rẹ̀ kó mu ún, òun ni yíǹkì wa. Mo máa wí pé, "Ẹ dìbò fún abẹ́rẹ́." Ìyá á wá abẹ́rẹ́, á ti ìka bọ aró, á nù ún díẹ̀ kó má ṣàn, á tẹ̀ ẹ́ láàárín àlàfo abẹ́rẹ́. Á dúró kí aró gbẹ. Á wá ká ìwé náà jẹ́jẹ́, kí ibi tó tẹ̀ má bàa kan àmì mìíràn. Mo máa tú u níwájú wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a ṣe é, nínú ìwé ogún, méje ló bàjẹ́: aró ta sí ìkòkò, tàbí ìka jókòó sórí ìlà. Àwọn kan tiẹ̀ kọ orúkọ wọn sí i, nítorí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n kọ, inú wọn sì ń dùn. Ó dùn mí láti sọ fún wọn pé ìwé tí èèyàn bá kọ orúkọ sí, wọn ò ní kà á. Ní ìgbà kẹta, ẹyọ kan péré ló bàjẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ la máa ń ṣe é, lẹ́yìn tí a bá ti palẹ̀ mọ́. Àwọn tó fẹ́ máa kọ́ ìwé kíkà lẹ́yìn rẹ̀ ń dúró. Àwọn mẹ́sàn-án ló ń dúró báyìí.

Àwọn baálé ilé

Ọkọ obìnrin méjì ní láìnì wa kò fẹ́. Ọ̀kan ní ìbò tí òun ń dì ti tó fún ilé. Ẹ má ṣe bá irú wọn jà, ẹ má sì rán ìyàwó wọn láti lọ bá wọn jà. Ẹ lọ kí wọn. Èmi àti ìyálọ́jà wa la jọ lọ. A kúnlẹ̀, a ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan la mú wá. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n ṣe ọ̀nà àdúgbò yín, ṣé èèyàn kan ni ẹ máa fẹ́ kó sọ ọ́ àbí èèyàn méjì?" Wọ́n ní méjì. A ní ìbò méjì ni kí ilé yín ní. Wọ́n ronú sí i, wọ́n ní kò burú. Èkejì kò gbà lọ́jọ́ náà. Ọmọbìnrin rẹ̀ tó wà ní yunifásítì ló bá a sọ ọ́ yanjú.

Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé gbogbo obìnrin mọ èyí dájú: nígbà tó bá wọ ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ka, òun nìkan ló wà níbẹ̀. Ọkọ kò mọ̀, ẹ̀gbọ́n kò mọ̀, èmi akọ̀wé kò mọ̀. Wọn ò sì gbà kí èèyàn mú fóònù wọlé síbẹ̀ láti ya ohun tó tẹ̀. Mi ò béèrè rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní láìnì wa pé ta ló dìbò fún, mi ò sì ní béèrè láé.

Dìbò kí o sebẹ̀

Àwọn tí ń ra ìbò á wá. Nígbà ìdìbò oṣù Kejì ọdún 2023, tí owó náírà wọ́n bí ojú, ẹnì kan wá sí láìnì wa pẹ̀lú ìwé, ó ń gba nọ́ńbà àkáǹtì. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún ni. Èèyàn ò lè fi ìwàásù nìkan lé ebi lọ, ẹ má tiẹ̀ dán an wò. Ẹ bá wọn ṣírò rẹ̀, obìnrin ọjà mọ ìṣirò. Ọdún mẹ́rin jẹ́ ọjọ́ 1,461. Ẹ pín 5,000 sí i: kò tó náírà mẹ́rin lójúmọ́. Mo bi wọ́n pé kí ni náírà mẹ́rin lè rà ní Ìtòkú. Ìyá kan tó ń ta píọ̀wọ́tà ní iwájú wa ní kò tó òun fún ẹnu omi kan. Wọ́n ní kí ọkùnrin náà máa lọ. Òfin ò gbà á náà, ẹni tó fún àti ẹni tó gbà lè ṣẹ̀wọ̀n, ṣùgbọ́n ìṣirò náírà mẹ́rin yẹn ló mú wọn lọ́kàn.

Ọjọ́ náà gan-an

Agogo mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, agogo méjì ààbọ̀ ọ̀sán ni wọ́n ń parí. Ẹni tó bá ti wà lórí ìlà kí méjì ààbọ̀ tó lù, wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ kó dìbò, kódà kí ilẹ̀ ṣú. Ẹ tẹnu mọ́ ọn fún wọn, nítorí wọ́n máa ń lé àwọn obìnrin lọ nígbà tí àsìkò bá ń lọ, wọ́n á sì lọ nítorí wọn ò mọ̀. Aláboyún, abiyamọ àti arúgbó kì í tò lẹ́yìn. Kí wọ́n lọ sí iwájú, kí wọ́n sọ fún òṣìṣẹ́. Kí wọ́n mú omi, àkàrà, agboòrùn àti àpótí ìjókòó dání. Ẹ pín wọn ní méjì-méjì bí wọ́n ṣe ń gbé nítòsí ara wọn, kí ọ̀kan lọ kan ilẹ̀kùn èkejì ní agogo méje. Ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ èyí ni iye wa lọ sókè jù.

Bí ẹ bá ti ṣe èyí tán, ìpàdé wọ́ọ̀dù àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú ló kù. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹni tí ẹgbẹ́ máa fà kalẹ̀ fún ìdìbò ti ń bẹ̀rẹ̀. Agogo mẹ́sàn-án alẹ́ ni wọ́n máa ń ṣe é ní àdúgbò wa. Obìnrin wo ló máa fi ọmọ sílẹ̀ ní agogo mẹ́sàn-án? Nígbà tí Sẹ́nétì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, obìnrin mẹ́ta péré ló wà láàárín àwọn 109 tí wọ́n búra fún. Ní oṣù Kẹta ọdún tó ṣáájú rẹ̀, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kan náà ti kọ òfin tí ì bá ya ìjókòó sọ́tọ̀ fún àwọn obìnrin. Nítorí náà, àwa mẹ́fà ní láìnì wa gba káàdì ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, a sì ń béèrè ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n gbé ìpàdé wá sí ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Ẹgbẹ́ kan ti gbà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìdìbò, mo jókòó síwájú ilé mi pẹ̀lú ìwé orúkọ. Wọ́n ń wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ìka hàn mí, pẹ̀lú yíǹkì tí wọ́n fi kan èékánná. Mo ń mààkì wọn. Níwájú orúkọ àwọn mẹ́fà tí kò dì í, mo kọ ìdí: ẹnì kan wà ní ọsibítù, ẹnì kan lọ síbi ìsìnkú, káàdì àwọn méjì kò tíì jáde, àwọn méjì kò fẹ́. Ìyá aláró ló dé kẹ́yìn, ìka wọn ti dú tẹ́lẹ̀, mo ní láti gbé fóònù tàn sí i kí n tó rí yíǹkì. Wọ́n ní kí n ṣí ojú ewé tuntun, wọ́n pe orúkọ ọmọ-ọmọ wọn, ọmọ náà á pé ọdún 18 kí ìdìbò mìíràn tó dé. Mo béèrè bí wọ́n ṣe kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé NIN. Wọ́n ní kí n dúró, wọ́n lọ pè é wá kó wá kọ ọ́ fúnra rẹ̀.